Ife Àwọn Tí Wọ́n Lé Kúrò Lágbo

Bí èèyàn bá ń wọ ìlú Hull láti ìhà ìwọ̀-oòrùn, tó ti kọjá afárá odò Humber, ojú títì tó gbà wọlé ń jẹ́ Clive Sullivan Way. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà, ojú títì yẹn sì ni oúnjẹ òòjọ́ mi ń gbà kọjá. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ kì í ṣe ọba, kì í ṣe ọ̀gágun, kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn olówó tó ni ọkọ̀ ojú omi nígbà tí Hull ṣì jẹ́ ìlú apẹja. Ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Cardiff ni, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lẹ́sẹ̀ àti léjìká nígbà èwe rẹ̀, tí ẹ̀rù sì ń ba àwọn dókítà pé kò ní lè rìn geerege. Òun ni balógun ikọ̀ Britain tó gba Ife Àgbáyé rọ́gbì ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá ti àwọn ọkùnrin lọ́dún 1972. Láti ọjọ́ náà títí di òní, Britain kò gbà á mọ́, England náà kò gbà á.

Ìtàn ife yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó yẹ kó dé etí àwa tí a wà níhìn-ín ju bó ṣe dé lọ. Tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá bá gbọ́ rọ́gbì, èyí tí wọ́n ń gbá nílé ìwé àwọn ọmọ olówó ló ń wá sí wọn lọ́kàn, ti ẹlẹ́ni-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ń pè ní yúníọ̀nù. Èyí tí mò ń wí yìí, líìgì ni wọ́n ń pè é. Ẹni mẹ́tàlá ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìhà àríwá England sì ni látilẹ̀wá. Nínú àwọn méjèèjì, líìgì ló kọ́kọ́ ní ife àgbáyé. Ọdún 1954 ló ti ní tirẹ̀. 1987 ni yúníọ̀nù tó ní. Mo gbà pé kì í ṣe èèṣì. Ẹni tí wọ́n lé kúrò lágbo kò ní ṣàì wá agbo tirẹ̀.

Ṣílè mẹ́fà ló dá ìjà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1895, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù láti àwọn ìlú àríwá péjọ sí hòtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield. Awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn. Iṣẹ́ ń bẹ lọ́jọ́ Sátidé nígbà náà. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ náà ń bèèrè ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dí owó tó sọnù fún un, kó má ju ṣílè mẹ́fà lójúmọ́ lọ. Àwọn aláṣẹ rọ́gbì ní London kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá gba kọ́bọ̀ nídìí eré ti ba eré jẹ́. Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀ fún lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ mẹ́rin nílé tó sì ń wọ inú ihò kùsà kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí bó ṣe lè sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe pín yà nìyẹn. Àwọn ti London sì fi òfin de ẹnikẹ́ni tó bá bá àwọn ará àríwá gbá a: ó di ẹni ìtanù títí ayé.

Àwọn tó jáde náà tún eré wọn ṣe. Ní 1906 wọ́n yọ ẹni méjì kúrò ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí àyè lè wà láti sáré. Bí wọ́n bá ti dá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù dúró, yóò dìde, yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn fún ẹnì kejì rẹ̀, eré á máa lọ. Òǹwòran tó fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ rí ẹni tó ń sá, kò fẹ́ rí òkìtì èèyàn nínú ẹrẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ eré náà ti dé New Zealand àti Ọsirélíà, nípasẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ kan ní Wellington tó ń jẹ́ Albert Baskerville. Òun ló kó ikọ̀ jọ wá sí England ní 1907. Òtútù àyà ló pa á ní Brisbane lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, kò sì ju ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ.

Ṣùgbọ́n Faransé ni ife àgbáyé ti jáde wá. Ní 1931, àwọn orílẹ̀-èdè Britain tó ń gbá yúníọ̀nù yọ Faransé kúrò nínú ìdíje wọn, wọ́n ní ìjà ti pọ̀ jù nínú eré wọn, pé àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ń sanwó lábẹ́lẹ̀. Jean Galia, agbábọ́ọ̀lù yúníọ̀nù tí àwọn aláṣẹ ilẹ̀ rẹ̀ ti fẹ̀sùn owó kàn, kó àwọn Faransé kan lọ sí England ní 1934 láti lọ kọ́ eré ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n dá àjọ líìgì sílẹ̀ ní Faransé, ó sì ràn bí iná ọyẹ́ ní gbogbo ìhà gúúsù: Carcassonne, Perpignan, Albi, Villeneuve. Nígbà tí yóò fi di 1939, wọ́n ti na England, wọ́n ti na Wales.

Ogun dé. Nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé, ìjọba Pétain jókòó sí Vichy, àwọn èèyàn yúníọ̀nù sì rí ọ̀nà dé etí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, Pétain fọwọ́ sí ìwé tó fòpin sí líìgì. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó àjọ náà àti dúkìá rẹ̀. N kò mọ eré mìíràn tí ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù kan gbìyànjú láti pa rẹ́ báyìí, tí kì í ṣe pé ó pa èèyàn, tí kì í ṣe pé ó dìtẹ̀, àfi pé àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kan lókè kò sì fẹ́ kó gba èrò mọ́ wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbà kí wọ́n máa gbá a, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn kò padà wá. Orúkọ pàápàá, wọ́n fi dù wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò gbọ́dọ̀ pe eré wọn ní rọ́gbì. Eré ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá lásán ni kí wọ́n máa pè é.

Paul Barrière wà lára àwọn tó bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀ nígbà ogun. Ọ̀dọ́ ni nígbà tó di ààrẹ àjọ líìgì Faransé ní 1947, àjọ tí kò lówó lọ́wọ́. Ẹlòmíì ìbá ti máa tọrọ. Barrière kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó pe àwọn orílẹ̀-èdè yòókù jọ sí Bordeaux ní 1948, wọ́n dá àjọ àgbáyé sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹnu mọ́ ọn pé kí gbogbo wọn péjọ sójú kan láti mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fà sẹ́yìn, pé ta ni yóò san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1951 ikọ̀ Faransé rin ìrìn-àjò lọ sí Ọsirélíà, wọ́n sì na Ọsirélíà nílé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta. Balógun wọn, Puig-Aubert, jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tí sìgá kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Pipette, tó sì lè fi ẹsẹ̀ ta bọ́ọ̀lù gba àárín òpó láti ibi tí kò yẹ kó ti dé. Nígbà tí wọ́n dé Marseille, èrò tó jáde wá pàdé wọn kún ìgboro. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ẹni tó tún lè sọ fún Barrière pé ilẹ̀ rẹ̀ kò tó gba àlejò.

Ife náà fúnra rẹ̀, Faransé ló fi tọrẹ; mílíọ̀nù mẹ́jọ owó fránkì ayé ìgbà náà ni wọ́n fi ṣe é. Mo rò ó títí nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àjọ tí wọ́n gba gbogbo ohun tó ní lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1941 ló wá fi ife olówó iyebíye lélẹ̀ fún gbogbo ayé ní 1954.

Orílẹ̀-èdè mẹ́rin péré ló wá: Faransé, Britain, Ọsirélíà àti New Zealand. Ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní Paris ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá, Faransé sì na New Zealand 22 sí 13. Kò sí ẹni tó ka Britain kún. Àwọn ògbóǹtarìgì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọsirélíà dé ni, ó ti rẹ̀ wọ́n, àwọn mìíràn fara pa, àwọn mìíràn ní àwọn kò lọ. Àwọn tí kò tíì wọ aṣọ orílẹ̀-èdè rí ló pọ̀ nínú ikọ̀ tó wọ ọkọ̀. Dave Valentine ni wọ́n fi ṣe balógun, ọmọ Hawick ní Scotland, tó ti gbá yúníọ̀nù fún Scotland kó tó lọ gba owó ní Huddersfield, tó sì tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni ìtanù nílé. Ikọ̀ yìí na Ọsirélíà ní Lyon 28 sí 13. Wọ́n gbá ọ̀mì 13 sí 13 pẹ̀lú Faransé ní Toulouse níwájú òǹwòran tó lé ní 37,000. Wọ́n na New Zealand ní Bordeaux. Britain àti Faransé wá dọ́gba lókè, ó di dandan kí wọ́n tún un gbá.

Ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, pápá Parc des Princes, èrò lé ní 30,000. Britain 16, Faransé 12. Valentine gba ife Barrière lójú àwọn tí wọ́n ná owó sí i. Ó dun àwọn Faransé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ ti ṣẹlẹ̀: ayé ti rí i pé eré tí wọ́n fòfin dè ní ọdún mẹ́tàlá ṣáájú lè kún pápá Paris.

Ìdíje kejì wáyé ní Ọsirélíà ní 1957, àwọn onílé ló sì gbà á. Èyí tó gbà mí lọ́kàn nínú rẹ̀ kì í ṣe eré rárá. Billy Boston wà nínú ikọ̀ Britain. Cardiff ni wọ́n ti bí i, ní àdúgbò Tiger Bay lẹ́bàá èbúté, bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn Sàró tiwa náà ti padà wálé. Ó ti ń fojú sọ́nà kí ẹgbẹ́ yúníọ̀nù Cardiff wá pè é. Wọn kò wá. Wigan ló wá, ó sì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà fún Wigan nígbà 478 kó tó fi wọ́n sílẹ̀. Lẹ́yìn ìdíje 1957 yẹn, wọ́n ṣètò pé kí Britain àti Faransé ya Gúúsù Áfíríkà kí wọ́n gbá eré díẹ̀ níbẹ̀. Òfin ìpínyà àwọ̀ kò gba kí Boston bá àwọn funfun gbá a. Àwọn yòókù lọ. Boston nìkan wá sílé. Mo ti ka àlàyé àwọn tó ní bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn. Àlàyé náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Líìgì mọ ohun tí à ń pè ní kí wọ́n ti èèyàn síta. Ó yẹ kí gbogbo wọn bá ọmọkùnrin náà wálé.

Síbẹ̀, bí a bá fi í wé yúníọ̀nù ilẹ̀ Wales, líìgì sàn jù lọ́nà jíjìn. Ó di àwọn ọdún 1980 kí Wales tó mú aláwọ̀ dúdú wọ ikọ̀ yúníọ̀nù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún nígbà náà tí àwọn ọmọ dúdú ilẹ̀ Wales ti ń gba ọ̀nà àríwá lọ. George Bennett ti gbá líìgì fún Wales ní 1935. Roy Francis gbá a, lẹ́yìn náà ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Hull, aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú eré agbowó ní Britain. Boston tẹ̀ lé e. Clive Sullivan tẹ̀ lé Boston.

Wọ́n bí Sullivan ní 1943 ní Splott. Sójà ni nígbà tó wá dán ara rẹ̀ wò ní Hull ní 1961, ó sì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ wọn. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kò ní lè rìn dáadáa ni mò ń wí yìí. Ní 1972 wọ́n sọ ọ́ di balógun Britain. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tó tíì ṣe balógun ikọ̀ orílẹ̀-èdè Britain kan rí nínú eré ńlá. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa ń pariwo lé lórí, ó di ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà kí aláwọ̀ dúdú tó wọ aṣọ àwọn àgbà England, kí a má tíì wá sọ ti balógun.

Faransé ni ìdíje 1972 tún ti wáyé. Britain na Ọsirélíà ní Perpignan 27 sí 21, ó na Faransé ní Grenoble, ó sì da 53 lé New Zealand lórí ní Pau. Àṣekágbá di ti Britain àti Ọsirélíà ní Lyon, ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá. Òǹwòran tó wá kò pé 5,000; pápá Gerland fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọsirélíà ló ṣíwájú. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ ìlà Britain. Sullivan mú un, ó sì sá. Ẹ lè rí i nínú fíìmù títí dòní: pápá gbogbo ló sá já, kò sẹ́ni tó bá a. Ní ìgbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Ọsirélíà tún wà níwájú, 10 sí 5. Mike Stephenson gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, Terry Clawson ta á gba àárín òpó, ó di 10 sí 10. Wọ́n fi ogún ìṣẹ́jú kún un, ẹnikẹ́ni kò rí àmì kankan gbà mọ́. Òfin ìdíje ní kí ẹni tó ṣe jù nínú ìpele àkọ́kọ́ gbé ife. Britain ni.

Ó yẹ kí n sọ ti Graeme Langlands, nítorí òdodo ni òdodo ń jẹ́. Nígbà tí eré náà ṣì wà lọ́wọ́, balógun Ọsirélíà yìí fò lé bọ́ọ̀lù kan tí ẹnì kejì rẹ̀ ta síwájú, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlà. Réfúrì ní ó ti ṣíwájú bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó ta á, kò gbà á wọlé. Fíìmù fi hàn pé kò ṣíwájú. Èmi tí mo fẹ́ràn Sullivan tó báyìí, mo gbà pé ó yẹ kó wọlé. Àwọn ará Ọsirélíà kò gbàgbé rẹ̀, mo sì rò pé wọn kò jẹ̀bi.

Ohun kan tún wà tó dùn mí nípa ọjọ́ yẹn. Ife tí Sullivan gbé sókè ní Lyon kì í ṣe ife Barrière. Ní 1970, nígbà tí wọ́n fi ife náà hàn ní hòtẹ́ẹ̀lì Midland ní Bradford, olè kó o lọ. Ogún ọdún ni ẹnikẹ́ni kò fi mọ ibi tó wà. Ní 1990 ni wọ́n rí i láàárín pàǹtí lẹ́bàá ọ̀nà, ní Bradford yẹn kan náà. Wọ́n tún un ṣe, òun náà ni wọ́n sì tún fi ń díje láti 2000. Nígbà náà Sullivan ti kú. Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní 1985, ọdún méjìlélógójì ló lò láyé.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ, tí wọ́n ti wà ní Hull kí wọ́n tó bí mi, máa ń sọ ti ọdún 1980 fún mi. Ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ìlú yìí, Hull FC àti Hull Kingston Rovers, jọ dé àṣekágbá Challenge Cup ní Wembley, Sullivan sì wà nínú ikọ̀ Rovers lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlógójì. “Àbúrò, ìlú dá páropáro,” ni wọ́n wí. “Ẹnì kan kọ ọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà pé kí ẹni tó bá jáde kẹ́yìn pa iná.” Rovers gbà á. Lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, Sullivan tún bá Hull FC gba ife kan náà. Ẹni tí ìhà méjèèjì ìlú yìí fẹ́ràn, ó ṣọ̀wọ́n. Mo ti rí ọmọ ìyá méjì tí kò bára wọn jẹun lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé.

Àwọn Ife Àgbáyé tó tẹ̀ lé ti 1972, Ọsirélíà ló jọba lé ọ̀pọ̀ jù nínú wọn lórí. Ní 1992 èrò 73,631 kún Wembley láti wo Britain àti Ọsirélíà, Martin Offiah sì wà lẹ́bàá ìlà fún Britain, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tí eré sísá rẹ̀ kò ní àfiwé. Ọsirélíà na wọ́n 10 sí 6. New Zealand já ife gbà ní Brisbane ní 2008. Ní 2017 Tonga, erékùṣù tí èèyàn rẹ̀ kò tó ti ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Èkó, na New Zealand. Ní 2022 Samoa lé England jáde ní London pẹ̀lú àmì kan ṣoṣo, 27 sí 26, ó sì bá Ọsirélíà gbá àṣekágbá. Inú mi dùn sí èyí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí pé àwọn ọmọ erékùṣù wọ̀nyẹn ti ń gbé ikọ̀ àwọn olówó ró fún ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yan ilé bàbá wọn.

Tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀. Adé Adébísí, tó gbá líìgì jẹun nílùú Òyìnbó, wà lára àwọn tó gbé eré náà lọ sílé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Ghana, Cameroon àti Morocco wá sí Èkó fún ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì na Morocco nínú àṣekágbá rẹ̀. A kò tíì dé ibi Ife Àgbáyé. Jamaica dé ibẹ̀ ní 2022, n kò rí ohun tó ní kí tiwa má ṣe é ṣe.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ti Faransé. Wọ́n ti fún wọn ní ìdíje 2025. Carcassonne, Perpignan, Toulouse, gbogbo ìlú tó pa eré yìí mọ́ nígbà tí òfin ní kó kú, ti ń retí rẹ̀. Ní 2023 ìjọba wọn ní àwọn kò ní fi owó ilẹ̀ ṣe onídùúró fún un, àwọn olùṣètò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí Ọsirélíà, wọ́n sì sún un sí 2026. Ọsirélíà mọ̀ ọ́n ṣe, pápá wọn á kún. Ṣùgbọ́n ní 2034, eré ẹlẹ́ni-mẹ́tàlá yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní Faransé, kò sì yẹ kí ọdún yẹn dé kí ife Barrière máà tíì padà síbẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, Toulouse ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.